Ẹ̀ẹ̀kan Aránṣọ àti Ohun Tó Ń Ṣe É

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́, ni mo kọ́kọ́ fi ojú kan aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ̀ẹ̀kan. Mo lọ gba kóòtù mi ni. Ìyàwó rẹ̀ ni mo ti fà á lé lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kí wọ́n bá mi gé ọwọ́ rẹ̀ kúrú, ó sì ti ní kí n wá gbà á lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wọlé, mo bá kóòtù náà lórí tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Apá ọ̀tún wà lọ́tọ̀, apá òsì wà lọ́tọ̀, kọ́là dùbúlẹ̀ bí ewé tó já, aṣọ inú rẹ̀ sì ká jọ sí igun kan. Ọkùnrin kan tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún jókòó síwájú rẹ̀. Bíléèdì wà láàárín ìka rẹ̀, ó ń fa òwú yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí gígùn wọn ṣe rí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ni mo wí.

"Ẹ káàbọ̀." Kò gbójú sókè. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀ fún mi. Ojú ìrán apá òsì yìí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn."

Ìyàwó rẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì tó ń tẹ̀. "Kóòtù tí ẹ ti lọ̀ láàárọ̀? Tí ẹ ti gbé kọ́ sára ògiri? Tí ẹ̀yin fúnra yín ní ó dára bí ojú ọmọ tuntun?"

"Ìyá Ìbejì, oníbàárà wà níbí."

"Mo rí wọn. Àwọn náà ti rí kóòtù wọn."

Àbúrò ọkùnrin tí aránṣọ náà ní, tí àwọn méjèèjì jọ ni ìsọ̀ náà, ń lọ sòkòtò kan lẹ́bàá fèrèsé. Ó fi áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú bá wọn fi rán fìlà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u tí ẹ sì tún un rán ni etí aṣọ ń dín kù. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún yín di ọ̀la, orí nìkan ni yóò gbà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, ó sì kúrò lójú rẹ̀. Ó tún fa òwú mìíràn. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo padà sílé lọ́wọ́ òfo. N kò bínú, ìdí rẹ̀ sì ni ohun tí mo rí lójú rẹ̀ nígbà tó wò mí gbẹ̀yìn: ojú ẹni tí wọ́n ń fà lọ síbi tí kò fẹ́ lọ, tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn.

Ìsọ̀ náà wà ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ní ìkóríta, ilé mi kò sì jìnnà síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà níbẹ̀ bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí kóòtù mi, nígbà tó yá nítorí ara rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ọkùnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Bàbá yẹn kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan ní bíléèdì lápò. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá mú bíléèdì wá sí ìdí iṣẹ́ ti se oúnjẹ de àṣìṣe. Ẹni tó bá ṣi aṣọ rán yóò fi eyín tú u, gbogbo ìsọ̀ yóò sì máa wò ó. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ṣe kọ́ láti máa yí aṣọ po pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí, tí yóò wọ̀n, tí yóò tún un wọ̀n, tí yóò kùn hùn-ùn bí oyin, kí ó tó gbé sísọ́ọ̀sì. Bí ó bá ti gé e, ó parí. Bí ó bá ti rán an, kò tún pè é padà. Bí oníbàárà bá ní kí ó yẹ ojú ìrán wò, á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni." Báyìí ni orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, bíléèdì kan ṣoṣo tó wà nínú ìsọ̀ jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀, ó sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ náà kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, níbòmíràn. Ó sọ fún mi pé ńṣe ni òun wá sí ìsọ̀ náà nígbà èwe òun láti wá wo ọkùnrin tí wọ́n ní kì í tú aṣọ, kí òun lè rí àṣìṣe rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" ni mo bi í.

"Mo rí i. Kò wọ̀n mí rárá kó tó mú mi."

"Mo wọ̀n ọ́," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn láti ìdí tábìlì. "Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan."

Wọ́n bí ìbejì, wọ́n tọ́ wọn, wọ́n sì rán wọn lọ sí ìlú mìíràn láti wá iṣẹ́ tiwọn.

Kí n tó mọ̀ ọ́n, àìsàn kan bẹ̀rẹ̀ láti ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó kọ́kọ́ máa ń fò díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọwọ́ náà bá dùbúlẹ̀ láìṣe nǹkan kan, bí ẹni tó ń ka orin. Lẹ́yìn náà gbogbo ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Pín-ìn-nì ń já bọ́. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Lọ́wọ́ tirẹ̀, okùn kò tilẹ̀ rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyá Ìbejì a máa bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kí ó tó dé ìdí máṣíìnì, á sì ṣe bí ẹni pé òun gbàgbé abẹ́rẹ́ náà síbẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ náà á ṣe bí ẹni pé òun kò mọ ẹni tó ki òwú náà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà sọ orúkọ àìsàn náà fún un, ó sì ní kò ṣeé wò kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n pé oògùn wà tó lè mú kí ọwọ́ náà dúró. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó jókòó lójú gbogbo wọn, ó mú abẹ́rẹ́, ó ki òwú bọ̀ ọ́. Àbúrò rẹ̀ pariwo títí àwọn ará òkè fi yọ orí lójú fèrèsé. Ìyá Ìbejì kò pariwo. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sọkún, ó bọ́jú, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e, dókítà fi kún oògùn náà, ẹsẹ̀ pẹ̀lú sì fúyẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn àfikún yẹn tó fi yá bíléèdì ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó ní òun fẹ́ tún ojú ìrán kan ṣe, wọ́n sì rẹ́rìn-ín pé àgbà ti ń dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tú sòkòtò kan tí kò ní àbùkù kankan. Lẹ́yìn náà kò dá bíléèdì náà padà mọ́. Ó ń tú aṣọ tó ti parí, ó ń rán an, ó tún ń tú u. Nígbà tí kò bá sí aṣọ láti tú, á da agolo bọ́tìnnì sórí tábìlì, á yà wọ́n sọ́tọ̀ bí àwọ̀ wọn ti rí, á rọ́ wọn padà sínú agolo, á sì tún dà wọ́n. Oúnjẹ ọ̀sán á tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní ìgbéraga ni, pé ẹni tí wọ́n ti ń yìn fún ogójì ọdún kò lè gbà pé aṣọ tó dára ti dára. Ìyá Ìbejì ní orí kunkun ni. Ẹ̀ẹ̀kan kò gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo sì wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti gbé iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin wọn fún ìsọ̀ náà, iṣẹ́ tó tóbi ju èyíkéyìí tí wọ́n rí gbà lọ́dún náà. Àbúrò rẹ̀ jáde lọ pe ọkọ̀ tí yóò kó aṣọ lọ. Nígbà tó padà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tú odindi ìlà kan lára àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́. Àwọn ọwọ́ aṣọ funfun kún orí tábìlì bí ẹyẹ tí wọ́n hú ìyẹ́ rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ọwọ́ kan ẹyọ kan péré wò."

"Kí lẹ ń ṣe, mo ní! Awakọ̀ ń dúró níta! Ṣé ọ̀tá mi lẹ jẹ́ ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi wá ṣe ẹlẹ́yà ní gbogbo ìlú ni?"

"Rọra, àbúrò mi."

"N kò rọra! Sísọ́ọ̀sì yẹn, ẹ gbé e kalẹ̀. Tábìlì yìí, ẹ dìde nídìí rẹ̀. Ẹ máa jókòó sílé, a ó máa gbé oúnjẹ wá fún yín."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì lé orí sísọ́ọ̀sì rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì irin dúdú ni, tó ti jogún lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, tí ojú ibi tí àtàǹpàkò ń wọ̀ ti jẹ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Má gba èyí lọ́wọ́ mi. Bí o bá gba èyí, kí ló kù tí mo jẹ́? Fún mi láàyè títí oṣù yìí yóò fi parí."

"Bí ẹ bá tún tú aṣọ kan tó dára kí oṣù yìí tó parí," ni àbúrò rẹ̀ wí, omi sì ti lé ròrò sójú rẹ̀, "ẹ ó fi tábìlì sílẹ̀ fún mi. Bàbá yìí gbọ́ o." Èmi ni ó nawọ́ sí.

Gbogbo wa jókòó, a rán ọwọ́ aṣọ padà, èmi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún wọn. Awakọ̀ náà wọlé nígbẹ̀yìn, ó ní bí wọ́n bá fún òun ní àga, òun náà lè bá wọn di bọ́tìnnì. Wọ́n fún un ní àga.

Ìpàdé Ẹ̀ẹ̀kan ní ilé ìwòsàn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. N kò sí níbẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnu wọn sì kò lórí gbogbo rẹ̀ àfi ẹni tó kọ́kọ́ sunkún.

Yàrá náà kéré, ó ní fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì tó máa ń rí wọn ni obìnrin sísanra kan tó ń fi gíláàsì rẹ̀ há orí. Ó ní kí Ẹ̀ẹ̀kan na ọwọ́. Ó na ọwọ́, ọwọ́ dúró gbọn-in.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Kí ló tún ń ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan, nọ́ọ̀sì. A dúpẹ́."

"Ọwọ́ wọn ti dúró," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ìwà wọn ló wá ń gbọ̀n."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Irú ìwà wo nìyẹn, Ìyá?"

Ìyá Ìbejì sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: kóòtù, sòkòtò, agolo bọ́tìnnì, aṣọ akọrin. Ó ní kò sí bí òun kò ṣe bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí òun bá bi í pé kí ló ń ṣe, kì í fèsì. Ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n mú wá síwájú ọ̀gá. Nígbẹ̀yìn ó la ẹnu.

"Kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe é, nọ́ọ̀sì. Òun ló ń ṣe mí."

"Báwo?"

"Ó ń ṣe mí bíi kí n tú u. Mo mọ̀ pé aṣọ náà dára. Mo mọ̀ pé àbúrò mi yóò bínú. Ṣùgbọ́n bí mo bá fa òwú kan tó bọ́ wẹ́rẹ́, ara á tù mí díẹ̀, á sì tún máa ṣe mí bíi kí n fa èkejì. Bí mo bá sì ní n kò ní fà á, inú mi á máa yún mi."

Nọ́ọ̀sì fa gíláàsì rẹ̀ wá sójú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ tún un sọ fún mi, Bàbá. Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe yín?"

Mo ti ronú sí ìbéèrè yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú èdè wa, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni à ń bi pé, "Kí ló ń ṣe ọ́?" Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí nǹkan náà ni ó ń sọ pé, "Ó ń ṣe mí bíi kí n ṣe báyìí." Ọ̀rọ̀ kan náà ni, à ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, a kì í sì fetí sí i. Ní ìsọ̀, "Kí lẹ ń ṣe?" ni gbogbo wọn ń bi í, ìyẹn kò sì ní ìdáhùn kankan bí kò ṣe ẹ̀bi. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń bi í pé, "Kí ló ń ṣe yín?" òun sì rò pé ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè. Ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè àti ìdáhùn tó pàdé ara wọn.

Nọ́ọ̀sì lọ pe dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, Ìyá, ẹ gbọ́ mi. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ èèyàn tí à ń pè ní dopamíìnì. Òun ló ń bá ọpọlọ jíṣẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè rìn geere. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Ó tún wà lára ohun tó ń ti èèyàn láti padà sí ohun tó dùn mọ́ ọn, tó ń sọ pé tún un ṣe, tún un ṣe. Àìsàn yín ti jẹ́ kí ó gbẹ níbi tó ti ń darí ọwọ́. Oògùn tí a ń fún yín a máa ṣe bí ẹni pé òun ni dopamíìnì. Ó dé ọ̀dọ̀ ọwọ́, ó ṣe dáadáa. Àmọ́ kò mọ ilé kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó tún lọ kanlẹ̀kùn níbi tí kò sí ọ̀dá kankan."

"Gbogbo ẹni tó ń lò ó ni?" ni Ìyá Ìbejì bi í.

"Rárá o. Àwọn kan ni. Tẹ́tẹ́ ni àwọn mìíràn yóò máa ta, ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé rẹ̀. Àwọn mìíràn á máa ra ohun tí wọn kò nílò. Ẹlòmíràn, iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ni kò ní lè fi sílẹ̀. Ó yẹ kí a ti máa bi yín léèrè nípa rẹ̀ lójú méjèèjì. Ẹ má bínú pé a kò ṣe bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀kan ronú. "Òróró ni," ni ó wí.

"Òróró wo?"

"Òróró máṣíìnì. Bó bá kéré jù, máṣíìnì á há. Bó bá pọ̀ jù, á ṣàn sára aṣọ."

"Ó fara jọ ọ́, Bàbá. Orí yín ṣòro ju máṣíìnì lọ, n kò sì lè ṣèlérí pé a ó rí ìwọ̀n tó yẹ lójú ẹsẹ̀."

Ibí yìí ni ẹnu wọn kò ti kò. Ọkọ ní ìyàwó òun ló kọ́kọ́ sunkún. Ìyàwó ní ọkọ òun ni. Ohun tó dá mi lójú ni pé Ìyá Ìbejì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ní, "Olórí kunkun ni mo pè yín."

"Èmi náà pe ara mi bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ìbejì fẹ́ kí wọ́n da oògùn náà nù lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì na ìka sí i. "Ẹ má dán an wò! Ẹni tó bá já a dúró lójijì lè kó sínú ewu tó ju ti ìṣáájú lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni, lójú wa." Dókítà sì ṣàlàyé pé bí wọ́n bá dín in kù, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ tún máa gbọ̀n, bóyá kí ó má lè gé aṣọ mọ́. Ó ní òun lè bá a dín in kù, òun sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ máa ṣọ́ ọ. Kí ni Bàbá fẹ́?

Ìyá Ìbejì ló béèrè ohun tí ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. "Dókítà, bó bá dá yín lóhùn báyìí, ta ló dáhùn? Ọkọ mi ni, àbí oògùn?"

Dókítà yíjú sí i. "Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ jọ dáhùn," ni ó wí. "Ọpọlọ kan náà ni gbogbo wa fi ń yan nǹkan, Ìyá, èròjà sì wà nínú tiwa náà. Àmọ́ ẹ̀yin mọ ọkọ yín kó tó mu oògùn. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jọ ọ́, ẹ sọ fún mi."

Ẹ̀ẹ̀kan wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó dúró lórí itan rẹ̀. Ó kùn hùn-ùn, bó ti máa ń ṣe bó bá ń yí aṣọ po. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ dín in kù."

"Òun ni," ni Ìyá Ìbejì wí. "Òun ni yẹn."

Kò rọrùn. Bí wọ́n ti ń dín oògùn náà kù, inú rẹ̀ a máa bàjẹ́ láìnídìí, oúnjẹ kì í wù ú, á jókòó sí ẹ̀yìn ìsọ̀ á kọjú sí ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lẹ́yìn náà ti òsì. Nọ́ọ̀sì náà a máa pe Ìyá Ìbejì lórí fóònù, kì í sì í béèrè ọwọ́ ṣáájú. "Kí ló ń ṣe wọ́n lónìí?" ni yóò wí. Àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ti ṣàlàyé fún, ń rìn káàkiri ìsọ̀ bí ẹni tó fọ́ àwo olówó. Ó kó gbogbo bíléèdì pamọ́, ó sì gbàgbé ibi tó kó wọn sí, tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ní láti fi eyín tú síìpù kan.

"Inú àbúrò bàbá yín á dùn lọ́run," ni ó wí fún ọkọ rẹ̀, òwú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ẹ̀ẹ̀kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà, ó ní kí n gbé kóòtù mi wá. Mo ti gbà á tipẹ́, mo sì ń wọ̀ ọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka tó ń gbọ̀n tọ ojú ìrán apá òsì láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. A ti rí bíléèdì. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ pa áyọ́ọ̀nù, Ìyá Ìbejì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó tọ ojú ìrán náà padà sókè. Ó yí kóòtù náà, ó wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e fún mi.

"Ó dára," ni ó wí. "Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sílé."

Àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí òwú kún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo rò pé ìwà yín ni."

"Dìde, òwú ti lẹ̀ mọ́ ọ nírùngbọ̀n. Èmi náà rò pé ìwà mi ni."

Ó wá gbé sísọ́ọ̀sì dúdú náà. Ó gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ débi tí ojú rẹ̀ méjèèjì ń lu ara wọn, kéé, kéé, kéé. Ó rìn yí tábìlì po, ó sì gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n!" ni àbúrò rẹ̀ ké. "Ta ló ní kí ẹ gbé e kalẹ̀? Tiyín ni! A ti parí ìjà!"

"Nígbà tí o ní kí n gbé e kalẹ̀, n kò lè gbé e kalẹ̀. Nísinsìnyí tí o ní kí n dì í mú, mo gbé e kalẹ̀. Ìwọ ò rí i pé mo ti padà dé?"

Àbúrò rẹ̀ gbọn òwú kúrò nírùngbọ̀n. Nígbà tó yá, ó ní, "Èmi ni mo rò pé ẹ máa gbé e fún."

"Ìwọ? Ìwọ tí ò ń kó bíléèdì pamọ́ fún ara rẹ?"

Ìyá Ìbejì ni ó ń gé aṣọ nísinsìnyí. Wọ́n rí ìwọ̀n oògùn kan tó bá a mu díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì gbọ̀n tó ti ìṣáájú ìtọ́jú. Ó ń wọn oníbàárà. Bí tépù bá ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, á sọ fún wọn pé ijó ìdúpẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ á gé, òun á dúró tì í pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí, wọ́n á sì jọ máa jiyàn.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n kọ ìtàn yìí, torí àwọn mìíràn lè wà nílé wọn tí wọ́n ń pe àìsàn wọn ní ìwà. Ó gbà. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ wo ni ó fẹ́ kí n fi parí rẹ̀. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú ọwọ́ òsì, ó sì ní:

"Ẹ bá mi kí nọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ sọ fún un pé ní àárọ̀ yìí Ìyá Ìbejì rán kọ́là méjì. Ọ̀kan dára, ọ̀kan wọ́. Mo wò wọ́n títí. Èyí tó wọ́ ni mo ní kó tú. Ó bú mi, ṣùgbọ́n ó tú u. Èyí tó dára, n kò fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ fún un pé mo dúpẹ́, mo tún ti mọ èyí tó wọ́ yàtọ̀ sí èyí tó dára."